Àpò fíìdì kílò 15, ẹja kílò 12: níbo ni ìdá 90 tí ìwé sọ wọlé sí?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì máa ń yan díẹ̀ nínú rẹ̀ tà. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ka ìwé rẹ̀ sí mi létí pé bí ohun ẹlẹ́mìí kan bá jẹ òmíràn, ìdá 10 nínú 100 agbára tó wà nínú oúnjẹ yẹn ló ń dúró sí ara ẹni tó jẹ ẹ́, pé 90 tó kù ti ṣòfò. Mo ní irọ́ ni. Bí nǹkan bá lọ dáadáa, àpò fíìdì kílò 15 ń fún mi ní ẹja bíi kílò 12. Tó bá jẹ́ bí ìwé ṣe wí ni, kílò kan àtààbọ̀ ló yẹ kí n máa rí, ǹ bá sì ti palẹ̀ mọ́ tipẹ́. Ta ló jàre nínú èmi àti ìwé? Níbo gan-an sì ni 90 yẹn ń lọ?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, àmọ́ ohun tí ẹ wọ̀n kọ́ ni ìwé wọ̀n. Ọ̀rọ̀ agbára ni ìwé ń sọ. Ìwúwo ni òṣùwọ̀n yín ń sọ, omi lásán ló sì pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé yín: ẹja àrọ̀ tútù kílò mẹ́rin tó wọ ààrò, ṣebí nǹkan bíi kílò kan ló máa ń kù tó bá gbẹ dáadáa. Fíìdì ní tiẹ̀ ti gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Omi inú àpò kílò 15 kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò kan àtààbọ̀ lọ. Torí náà, ohun gbígbẹ bíi kílò 13 àtààbọ̀ lẹ dà sínú pọ́ńdì, ohun gbígbẹ bíi kílò mẹ́ta lẹ kó jáde lára ẹja kílò 12. Èyí tó kù nínú ìwúwo ẹja yín, inú pọ́ńdì ló ti mu ún.

Ẹ jẹ́ ká wá fi kálórì ṣe é, irú kálórì tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ. Kílò fíìdì tó dára kan máa ń ní bíi 4,500 kálórì nínú. Kílò ẹja àrọ̀ tútù kan, nítorí omi ara rẹ̀, máa ń wà ní nǹkan bíi 1,400. Àpò yín gbé nǹkan bíi 67,500 wọ inú omi. Ẹja kílò 12 gbé nǹkan bíi 16,800 jáde. Ìdá 25 nínú 100 nìyẹn. Ó ti jìnnà sí 80 tí òṣùwọ̀n yín ń pariwo, síbẹ̀ ó lé ní ìlọ́po méjì 10 tí ọmọ yín kà nínú ìwé. Nítorí náà, èmi náà á fi ìbéèrè kan kún tiyín: kí ló mú kí ti pọ́ńdì yín tó 25, nígbà tí ti odò àti ti igbó ń já sí nǹkan bíi 10, tí òmíràn kì í tiẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ibi mẹ́ta ni agbára ti ń yà kúrò lọ́nà láàárín ẹni tí wọ́n jẹ àti ẹni tó jẹ ẹ́, ìwé ọmọ yín sì da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra.

Èkínní ni ohun tí wọn kò rí jẹ rárá. Igbó kìjikìji kún fún ewé, àmọ́ díẹ̀ ni kòkòrò àti ẹranko ń jẹ nínú rẹ̀ kó tó rọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń já bọ́ sílẹ̀, ó ń di ti ikán, ti ekòló àti ti olú. Ọ̀yà tí ajá ọdẹ kò lé bá, tó kú sí ihò rẹ̀, agbára ara rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ajá. Èkejì ni ohun tí wọ́n jẹ tí kò wọ ara: ó gba ẹnu wọlé, ó gba ìdí jáde. Ẹni tó bá ti rí i tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dáná mọ̀ pé agbára ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ewé àti koríko le fún ikùn láti tú palẹ̀. Ajẹran ń jàǹfààní ju ajewé lọ níbí; ẹran tó wọ ikùn ológbò, ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń wọ ara.

Ẹ̀kẹta ló ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wọ ara, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Oúnjẹ tó wọ ara dà bí owó oṣù. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé báńkì. Wọ́n á yọ owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, ìyókù ni a ń fi pamọ́. Ẹran ara tí ẹranko ń kó jọ ni èyí tó fi pamọ́. Ohun tó fi ń mí, tó fi ń rìn, tó fi ń jà, tí ọkàn rẹ̀ fi ń lù, tó fi ń tún ibi tó gbó lára rẹ̀ ṣe, ó ti ná ìyẹn, ó sì ti di ooru. Ẹyẹ àti ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú ni wọ́n ń náwó jù, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ mú ara wọn gbóná tọ̀sán-tòru, ì báà jẹ́ pé wọ́n sùn. Nínú 100 agbára tó wọ ara wọn nínú igbó, 1 sí 3 péré ló sábà máa ń di ẹran ara tuntun. Kòkòrò tí kì í mú ara rẹ̀ gbóná lè fi tó 40 pamọ́. Ẹja odò wà láàárín, nǹkan bíi 10.

Báwo ni tiyín ṣe wá ju ti odò lọ? Ẹ ti dí gbogbo ojú ibi tí agbára lè gbà jò. Ẹja yín kì í wá oúnjẹ kiri. Ẹ̀yin lẹ ń dà á sí i lẹ́nu. Fíìdì yín ti lọ̀, ó ti jinná, ikùn lè tú u palẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lé e kó sá. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ̀ ń pa á ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, nígbà tó ṣì ń dàgbà lójoojúmọ́. Ẹja tó ti dàgbà tán nínú odò ń jẹun lọ́dọọdún láti fi wà láàyè lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń fi kún ara kò tó nǹkan mọ́. Bí wọ́n bá da ọmọdé inú odò mọ́ àgbàlagbà ibẹ̀, ìdá tí wọ́n fi pamọ́ á wálẹ̀. Ọmọdé nìkan ló wà nínú pọ́ńdì yín.

Ọ̀rọ̀ "ṣòfò" inú ìwé yẹn ni n kò fara mọ́. Agbára kì í parẹ́. Gbogbo èyí tí ẹja jó di ooru, ooru náà wọ inú omi, ó ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó sì gba ojú ọ̀run lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan tó lè kó ooru yẹn jọ kó tún fi ṣe oúnjẹ. Ìdí rèé tí oòrùn fi gbọ́dọ̀ máa ràn lójoojúmọ́ kí ayé tó lè jẹun. Èròjà ní tiẹ̀ máa ń padà. Omi pọ́ńdì tí ẹ̀ ń tú dànù, bí ẹ bá darí rẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí bí ewé ṣe ń dúdú minimini: èròjà inú fíìdì ló bọ́ sí ìdí wọn, wọ́n sì tún fi oòrùn tuntun ṣe oúnjẹ mìíràn. Ohun tí èròjà ń ṣe nìyẹn, ó ń yípo. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni agbára ń gbà, kì í bọ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ti ṣírò irú ìnáwó yìí, ti Howard T. Odum, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ràn jù, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni. Orísun omi kan wà nítòsí ìlú Ocala ní Florida, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Silver Springs. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé àwọn tó wá wòran kiri. Koríko gígùn ló bo ìsàlẹ̀ omi náà, ewéko tín-ín-tìn-tín sì lẹ̀ mọ́ ara koríko yẹn bí yẹ̀rì. Omi náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù tàbí gbóná ju bó ṣe wà lọ, yálà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òtútù, ìyẹn sì mú kí iṣẹ́ ìwọ̀n rọrùn. Odum ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1957. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó wọn ọ́síjìn inú omi ní òkè odò àti ní ìsàlẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Bí ewéko bá ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ó ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Bí ohun ẹlẹ́mìí bá ń jó oúnjẹ, ó ń lo ọ́síjìn. Ẹni tó bá mọ iye ọ́síjìn tó wọlé àti èyí tó jáde, ó ti mọ iye oúnjẹ tí wọ́n sè àti iye tí wọ́n jẹ.

Ẹ gba ilẹ̀ omi tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, ẹ fi ọdún kan ṣírò rẹ̀. Oòrùn tó rọ̀ sórí rẹ̀ tó nǹkan bíi 1,700,000 kálórì. 410,000 ló dé ara ewéko lọ́nà tó lè lò. Èyí tí ewéko sọ di oúnjẹ kò ju 20,810 lọ, ìyẹn nǹkan bíi 1 nínú 100 oòrùn tó rọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àwa ń bínú sí ìdá 90 tí ẹja ná; ewéko fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan bíi 99 nínú 100 oòrùn sọ di oúnjẹ rárá. Nínú 20,810 yẹn, ewéko jó 11,977 láti fi wà láàyè. Nínú èyí tó kù ni ìgbín omi, awun, ẹja ajewé àti ọmọ kòkòrò ti jẹ, ohun tó wọ ara wọn sì jẹ́ 3,368. Àwọn tó ń pa àwọn wọ̀nyí jẹ gba 383. Àwọn ẹja ńláńlá tó ń pa àwọn apanijẹ gba 21. Kálórì 21, lọ́dún kan gbáko, lórí ibi tí oòrùn 1,700,000 rọ̀ sí.

Bí ọmọ yín bá fi kọ̀ǹpútà pín wọn, ìpele kìíní (ewéko) sí èkejì (ajewé) á fún un ní 16 nínú 100, èyí tó tẹ̀ lé e á fún un ní 11, ti òkè pátápátá á fún un ní 5 àti díẹ̀. Kò sí 10 géérégé níbì kankan níbẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ìṣirò kan náà. Ewéko jó 11,977. Ajewé jó 1,890. Apanijẹ jó 316. Àwọn ọ̀gá apanijẹ jó 13. Àwọn kòkòrò àìfojúrí àtàwọn yòókù tó ń jẹ òkú, ìgbẹ́ àti ewé jíjẹrà jó 4,600. Omi gbé 2,500 lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21,296. Ní ọwọ́ kejì, 20,810 tí ewéko sè ló wọlé, àti 486 tó ti òde wá. Òun náà jẹ́ 21,296. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù.

Ẹ tún wo àwọn tó ń jẹ òkú yẹn dáadáa, nítorí pé ìwé ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi wọ́n sí igun pépà. 4,600 tí wọ́n jó lé ní ìlọ́po méjì ohun tí gbogbo ajewé àti apanijẹ jó pọ̀. Àwọn náà wà nínú pọ́ńdì yín. Fíìdì tí ẹja kò jẹ àti ìgbẹ́ tó yà, àwọn ló ń jókòó tì í, ọ́síjìn inú omi ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Lóru, tí oòrùn kò sí, tí ewéko inú omi náà ń lo ọ́síjìn dípò kó ṣe é, gbogbo wọn á fa èyí tó kù gbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí ni ẹja ń gbé orí sókè. Ẹja àrọ̀ lè fa afẹ́fẹ́ òde, kì í tètè kú bí epìyà, ìyẹn gan-an ló sì ń tan àwọn tó ń sìn ín jẹ títí omi á fi bàjẹ́. Bí ẹ bá dín fíìdì tó ń ṣẹ́kù kù, owó ló kọ́kọ́ yọ, ọ́síjìn ló tẹ̀ lé e.

Kí wá ni 486 tó ti òde wá yẹn? Búrẹ́dì ni. Àwọn tó wá wòran ń ju búrẹ́dì sí ẹja láti inú ọkọ̀, Odum sì kà á. Búrẹ́dì yẹn pọ̀ ju 383 tí gbogbo apanijẹ ìpele kẹta rí gbà lọ́dún. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dé ibẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó jọ pọ́ńdì yín bí búrẹ́dì yẹn nínú gbogbo ìṣirò náà. Silver Springs ní oòrùn tirẹ̀, búrẹ́dì kàn bù kún un ni. Pọ́ńdì yín, búrẹ́dì látòkè délẹ̀ ni. Oòrùn tó bọ́ ẹja yín kò rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ibo ló ti rọ̀? Ẹ wo ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ra. Oòrùn tó rọ̀ sórí oko àgbàdo, bóyá ní Òkè-Ògùn, bóyá ní òkè ọya. Oòrùn tó rọ̀ sórí sóyà àti ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ni ẹja lílọ̀, èyí tó ń gbówó lórí jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lágbàáyé sì ń ti etíkun Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ibẹ̀ ni omi tútù ti ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè wá pẹ̀lú èròjà, tí ewéko tín-ín-tìn-tín inú òkun ń pọ̀ lọ súà, tí ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní anchoveta sì ń jẹ wọ́n àti àwọn kòkòrò omi tó ń jẹ wọ́n. Ẹja tútù bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di kílò ẹja lílọ̀ kan.

Ní 1969, John Ryther, onímọ̀ nípa òkun, ṣàlàyé ìdí tí irú omi bẹ́ẹ̀ fi ń pa ẹja tó bẹ́ẹ̀. Láàárín agbami òkun, ewéko ibẹ̀ kéré gan-an débi pé nǹkan bíi ìgbà márùn-ún ni ẹnìkan á jẹ ẹnìkejì kó tó kan ẹja tí apẹja lè fi àwọ̀n kó. Bí ìdá 10 bá ń kọjá nígbà kọ̀ọ̀kan, kálórì 100,000 tí ewéko sè á di 1. Létíkun Peru, ó ṣírò rẹ̀ sí ìgbà kan àtààbọ̀ péré, pẹ̀lú ìdá 20, ìyẹn ni pé nínú 100,000 kan náà, nǹkan bíi 9,000 ló ń dé inú àwọ̀n. Àwọn tó tẹ̀ lé e rí i pé anchoveta ń jẹ kòkòrò omi ju bó ṣe rò lọ, nítorí náà ọ̀nà yẹn gùn díẹ̀ sí i. Àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà: iye ìgbà tí wọ́n jẹ ara wọn ṣe pàtàkì ju bí òkun ṣe tóbi tó lọ.

Ní 1970, àwọn apẹja Peru kó ẹja yìí ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 12 lọ. Wọ́n ti ń kó o jù. Ní 1972, omi gbígbóná tí wọ́n ń pè ní El Niño wá bo ojú òkun, omi tútù tó ń gbé èròjà kò gòkè mọ́, ewéko pòórá, ẹja tẹ̀ lé e. Ní 1973, ohun tí wọ́n rí kó kò tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 2. Ẹja lílọ̀ wọ́n lágbàáyé, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ sáré lọ bá sóyà, owó sóyà náà fò sókè. Bí owó fíìdì ṣe máa ń yí padà lọ́wọ́ yín láìsí pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, apá kan ìdí rẹ̀ rèé.

Torí náà, ìdá 25 tí mo bá yín ṣírò lókè, ìpele tó kẹ́yìn nìkan ni. Bí ẹ bá tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ dé orí ewéko òkun, kòkòrò omi ti san tirẹ̀, anchoveta ti san tirẹ̀, kí ẹja àrọ̀ tó wá san tiyín. Ìwé ọmọ yín wo gbogbo ọ̀nà náà. Ẹ̀yin wo ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rí 10 gan-an. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Raymond Lindeman ló bẹ̀rẹ̀ irú ìṣirò yìí lórí adágún kékeré kan, Cedar Bog Lake, ní Minnesota. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé rẹ̀ láti yẹ̀ wò kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àbá pọ̀ ju ẹ̀rí lọ nínú rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, G. Evelyn Hutchinson, bá a jà fún un títí wọ́n fi gbà á. Ó jáde ní 1942, àmọ́ Lindeman ti kú kó tó jáde, ẹni ọdún 26 ni. Nọ́ńbà tirẹ̀ náà kò dọ́gba láti ìpele dé ìpele. Ní 1995, àwọn onímọ̀ nípa ẹja méjì, Daniel Pauly àti Villy Christensen, kó ìṣirò 48 jọ láti oríṣiríṣi omi, ìpíndọ́gba wọn sì já sí nǹkan bíi 10. Àwọn kan nínú wọn kéré gan-an, àwọn mìíràn lé ní 20. Ìpíndọ́gba ni 10 jẹ́, kì í ṣe òfin. Ìpíndọ́gba tó wúlò ni ṣá, torí ó sọ fún wa ìdí tí kìnnìún fi ṣọ̀wọ́n. Ní Nàìjíríà, ibi méjì péré ló kù tí kìnnìún wà nínú igbó, Kainji àti Yankari. Ìbọn àti àgbẹ̀ ló lé wọn débẹ̀, àmọ́ kí ìbọn tó dé pàápàá, wọn kò pọ̀ bí ẹtu rí. Kò sí ẹranko tó ń fi kìnnìún ṣe oúnjẹ òòjọ́, nítorí agbára tó kù ní ìpele yẹn kò lè bọ́ ẹni tó bá dìde láti máa wá wọn kiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sí pọ́ńdì. Ohun kan wà tó ń fi ìpele kan kún tiyín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀: àwọn jọ́ńpà, ọmọ ẹja tó yára tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sì ń gbé wọn mì. Inú àwọn kan máa ń dùn sí wọn torí pé wọ́n ń sanra. Kí ni wọ́n fi ń sanra? Nínú 100 kálórì fíìdì, 25 ti di ọmọ ẹja. Bí jọ́ńpà bá jẹ ọmọ ẹja yẹn, nínú 25 yẹn, nǹkan bíi 6 ló máa kù. Ẹ ra fíìdì lẹ́ẹ̀kan, ẹ san ìnáwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iye ẹja inú pọ́ńdì tún dín. Ẹ máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì nígbà tí wọ́n ṣì kéré.

Ẹ ò béèrè nípa ìdin, àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n á ti sọ ọ́ fún yín, torí gbogbo ẹni tí fíìdì ti sú ló ń sọ ọ́. Ìdáhùn mi ni pé ó wà lọ́wọ́ ohun tí ìdin ń jẹ. Bó bá jẹ́ èèpo, oúnjẹ tó ti bà jẹ́ àti ìdọ̀tí ọjà ni, ó dára púpọ̀: agbára tó fẹ́ di ooru lórí ààtàn lẹ gbà lọ́wọ́ kòkòrò àìfojúrí, kòkòrò sì wà lára àwọn tó ń fi nǹkan pamọ́ jù. Àmọ́ mo ti rí àwọn tó ń fi èérí àgbàdo tó dára sin ìdin, kí wọ́n tó wá fi ìdin bọ́ ẹja. Àwọn yẹn fi owó ara wọn ra ìpele kan kún un. Èérí yẹn, ẹja lè jẹ ẹ́ tààrà nínú fíìdì.

Epìyà ní tirẹ̀ lè jẹ ewéko tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fi ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sọ pọ́ńdì ilẹ̀ di ọlọ́ràá, oòrùn tirẹ̀ ló ń lò, ọ̀nà náà sì kúrú. Ẹja tó máa rí lórí ilẹ̀ kan náà kò ní tó tiyín láéláé, nítorí pé oòrùn oko ńlá lẹ kó jọ sínú pọ́ńdì kékeré. Mi ò ní kí ẹ fi àrọ̀ sílẹ̀ o. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ àti omi tó ń ṣàn, tí owó fíìdì kò sì sí, epìyà ló kàn.

Bí wọ́n bá bi ọmọ yín ní ìdánwò, kó kọ 10, kó má bá ẹni tó ń máàkì jà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún iṣẹ́ yín ni ti ọyẹ́. Ẹja kì í mú ara rẹ̀ gbóná. Bí omi bá tutù, ikùn rẹ̀ náà á lọ́ra. Láàárín ìgbóná 26 sí 30 ló ti ń jẹun dáadáa. Fíìdì tí ẹ bá dà sí i láàárọ̀ kùtù ọyẹ́, ìsàlẹ̀ pọ́ńdì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ, àwọn tó ń jẹ òkú ló sì ń yó. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ omi lára kí ẹ tó gbé igbá fíìdì, bíi aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, kí ẹ sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù títí ọyẹ́ á fi kásẹ̀.